Ojú Kìíní Káàdì Àjọ

Àǹtí mi ń gba àjọ lọ́jà Òṣòdì, láti abẹ́ bíríìjì títí wọ Mafolúkù. Nígbà tó fẹ́ lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin wẹ ìkókó n'Ìbàdàn, èmi tí wọ́n ní mo kàwé ló kó káàdì lé lọ́wọ́. Ojú 31 ló wà lára káàdì kan, ojú kan fún ọjọ́ kan, owó ojú kan sì ni tiwa lóṣooṣù. Ó ṣàlàyé ojú tí í ṣe, àmọ́ fóònù ni mò ń tẹ̀ lọ́wọ́.

Jánúárì lọ geere. Ọjọ́ pé 31, mo yọ owó ojú tó kẹ́yìn, mo sanwó fún olówó. Fẹ́búárì wá parí sí 28. Mo wo ojú 31, ó ṣófo. Mo ní ohun tó ṣófo ò lówó nínú, ni mo bá kó gbogbo owó fún wọn láì yọ kọ́bọ̀. Àdúrà tí àwọn ìyá ọjà ṣe fún mi lọ́jọ́ náà! Wọ́n ní Alájọ Ṣómólú ta mọ́tò mẹ́ta ra kẹ̀kẹ́, orí rẹ̀ sì pé. Tèmi kò tíì sí nínú ìwé ìtàn.

Àǹtí dé. Ó ka owó, ó tún un kà.

"Owó ojú kìíní dà?"

"Kìíní kẹ̀? Ṣé kì í ṣe ojú ìkẹyìn ni?"

Ojú kìíní ni o. Bí oṣù gùn, bó kúrú, bí oníbàárà sá lọ lágbede méjì, owó alájọ ti wọlé. Dípò kí n dọ̀bálẹ̀, mo di tíṣà. Mo ní ẹ̀bi Numa ni, ọba Róòmù tí ìtàn ní ó fi Jánúárì àti Fẹ́búárì kún oṣù mẹ́wàá àtijọ́. Àwọn ará Róòmù ń bẹ̀rù iye tó ṣeé pín sí méjì dọ́gba, ni wọ́n ṣe fún àwọn oṣù yòókù ní ọjọ́ 29 tàbí 31. Fẹ́búárì, oṣù ètùtù àti ti òkú, ni wọ́n ju 28 sí. Julius Caesar tún kàlẹ́ńdà ṣe ní ọdún 46 ṣáájú ìbí Jésù, ó pín ọjọ́ mẹ́wàá kún ọdún, Fẹ́búárì ò rí nǹkan gbà ju ọjọ́ kan lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́rin. Mo tún bù mọ́ ọn pé Augustus jí ọjọ́ kan lára rẹ̀ fún Ọ́gọ́ọ̀sì. Irọ́ gbáà: Caesar ti sọ oṣù yẹn di 31 kí wọ́n tó fi orúkọ Augustus pè é lọ́dún 8 ṣáájú ìbí Jésù.

Àǹtí gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. "Numa yìí, ṣé ọ̀dọ̀ wa ló ń dá àjọ?"

Ó ní kí n lọ gba owó òun wá. Alhaja aláṣọ kan ní Ìṣọlọ bi mí pé oṣù tí àwọn ń wò lójú sánmà kì í ju 29 tàbí 30 lọ, ta ló fún káàdì wa ní 31? Mi ò rí èsì fọ̀. Ó sanwó ṣá, ó ní nítorí Àǹtí ni.

Màmá ẹlẹ́ja l'Óṣòdì ò tiẹ̀ bá mi jiyàn. "Ọmọ mi, wá gbà á lọ́gbọ̀njọ́ Fẹ́búárì ọdún tó ń bọ̀."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé.