Bí Akọ̀wé Ṣe Ra Ohun Tó Ti Ní

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan tó kú lọ́jọ́ náà. Wọ́n ṣì ń tàn, wọ́n ṣì ń tẹ̀wé. Ohun tó dópin ni àtúnṣe olóṣooṣù tó ń dí ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti kéde rẹ̀. Ọkùnrin kan ní Sakété gbọ́ ọ, ó sì pinnu pé òun ò ní jẹ́ kó ká òun mọ́ ilé.

Akọ̀wé ni a ó máa pe ọkùnrin náà. Kí n má parọ́, èmi tí mò ń kọ àpilẹ̀kọ yìí ni, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti máa wí pé “mo ṣe é, mo tún ṣe é” lọ títí. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó láti òkèèrè. Ó ń lo awò ojú, ó sì ń bá àwọn àgbà kọ lẹ́tà sí ìjọba, nítorí náà àdúgbò gbà pé ó mọ kọ̀ǹpútà. Òun náà gbà bẹ́ẹ̀.

Dell Latitude E6430 ni kọ̀ǹpútà rẹ̀, ẹ̀rọ ọdún 2012 tó ti ṣiṣẹ́ fún òyìnbó rí kó tó gba èbúté Kútọnu wọlé. Sítíkà Windows 7 Professionnel wà lábẹ́ rẹ̀, Windows 10 Professionnel sì ni ó ń lò. Dísìkì rẹ̀ nìkan ló ti rẹ̀. Akọ̀wé ra dísìkì SSD tuntun, ó fi RAM kún un títí ó fi di 8 GB, ó sì wọ takisí gba ọ̀nà Kétou lọ sí Pobè, lọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

“Bàbá, Windows 10 wo lẹ fẹ́ kí n fi sí i, Famille àbí Professionnel?”

Akọ̀wé rò ó wò. Ìdílé ni Famille lédè Faransé. Ó níyàwó, àwọn ọmọ pọ̀, ìyá rẹ̀ náà wà nílé. Lójú tirẹ̀, àwọn tó ń so táì ni Professionnel wà fún.

“Famille ni, ọmọ mi. Ilé wa kún.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ò jiyàn. Ó ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Akọ̀wé tan ẹ̀rọ náà nílé, ọ̀rọ̀ méjì ti jókòó sí igun ojú rẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún: Activer Windows, ìyẹn ni pé kó fi lísáǹsì ṣí Windows. Èyí tó tún bí i nínú jù ni pé 8 GB tó fowó rà kò pé 4 lójú ẹ̀rọ náà. Ó pe ẹni tó ta RAM fún un, ó sì sọ̀rọ̀ sí i bí kò ti yẹ. RAM ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Windows oní-bit 32 ni wọ́n fi sí i, irú èyí kì í sì í lò ju 4 GB lọ.

Ó wá bèèrè iye tí lísáǹsì tòótọ́ ń jẹ́. Ní ilẹ̀ Faransé, Microsoft ń ta Famille ní 145 yúrò, Professionnel ní 259. Yúrò kan jẹ́ 655.957 fáráǹkì séfà, nítorí náà Famille lé díẹ̀ ní 95,000 fáráǹkì, Professionnel sì sún mọ́ 170,000. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Benin fọwọ́ sí láti oṣù kìíní ọdún 2023 jẹ́ 52,000. Ẹni tó bá fi owó yìí wé ara wọn kò ní yára bú àwọn tó ń wá ọ̀nà ẹ̀yìn.

Akọ̀wé náà wá a. Ẹnìkan tó ń tà á lórí fóònù gba owó díẹ̀, ó ní kó pa ètò tó ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì, kó sì tẹ nǹkan kan. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, Activer Windows pòórá, Famille sì ti di Entreprise. Inú Akọ̀wé dùn. Ó rò pé wọ́n gbé òun ga.

Lísáǹsì àwọn iléeṣẹ́ ńlá ni wọ́n fi ṣe é. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa kàn sí sáfà iléeṣẹ́ tó ni lísáǹsì náà, ó pẹ́ tán láàárín ọjọ́ 180. Bí kò bá rí sáfà náà, àmì yóò padà wá. Akọ̀wé ò níléeṣẹ́, kò ní sáfà. Orí tiẹ̀ bá a ṣe é ni, nítorí ní oṣù kejìlá ọdún 2021, iléeṣẹ́ ààbò Red Canary kìlọ̀ pé àwọn kan ń fi CryptBot pamọ́ sínú ayédèrú KMSPico, ètò tí wọ́n fi ń ṣí Windows lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ aṣínà àti owó orí íntánẹ́ẹ̀tì ni CryptBot ń jí kó.

Nígbà tí àmì náà padà, ó sáré sí Windows 11, tó ti jáde láti ọdún 2021. Ètò àyẹ̀wò Microsoft fúnra rẹ̀ lé e padà: TPM 2.0, ẹ̀rọ kékeré ààbò inú kọ̀ǹpútà, ló ń béèrè, 1.2 ló wà nínú E6430, ọpọlọ Intel rẹ̀ sì jẹ́ ìran kẹta níbi tí wọ́n ti ń wá ìran kẹjọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, akẹ́kọ̀ọ́, ló wá bèèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè: “Bàbá Kékeré, kí ló wà nínú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sí Pobè?”

Ẹni tó ni ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀ ní Yúróòpù ti gba Windows 10 lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tí Microsoft ń pín in láti oṣù keje ọdún 2015 sí oṣù keje ọdún 2016. Lísáǹsì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Microsoft, wọ́n so ó mọ́ páálí ńlá inú ẹ̀rọ náà tí àwọn atúnṣe ń pè ní carte mère. Ní Pobè tí wọ́n ti ń ṣèwádìí ọ̀pẹ, kò yẹ kí èyí ṣòroó yé: bí o bá gé imọ̀ ọ̀pẹ, ọ̀pẹ ṣì wà nídùúró. Dísìkì ni imọ̀. Ṣùgbọ́n Professionnel ni lísáǹsì náà, kò sì lè ṣí Famille.

Ọmọbìnrin náà tún Professionnel oní-bit 64 fi sí i. Nígbà tí ẹ̀rọ béèrè kọ́kọ́rọ́, ó tẹ Je n'ai pas de clé de produit, ìyẹn ni pé òun ò ní kọ́kọ́rọ́. Wọ́n so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ó ṣí fúnra rẹ̀, 8 GB sì pé. Ó tún fi slmgr /xpr hàn án, àṣẹ tó ń sọ bóyá lísáǹsì ẹni ní ọjọ́ ìparí. Tirẹ̀ ò ní. Ó dábàá Ubuntu náà, tí Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, gbé jáde ní 2004, tí kì í béèrè kọ́kọ́rọ́ rárá. Akọ̀wé kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun ò fọkàn tán ohun ọ̀fẹ́.

Microsoft fi ọdún kan kún ọjọ́ ààbò Windows 10 fún àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀, títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026: 30 dọ́là ni, tàbí ọ̀fẹ́ fún ẹni tó bá gbà kí Microsoft máa tọ́jú ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀. Akọ̀wé ti lọ tọrọ 30 dọ́là náà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ní kó kọ́kọ́ mú rìsíìtì Entreprise wá.