Omi Tí Ọ̀gá Dà Síwájú

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò rí ilé-iṣẹ́ Orégun ní Ìkẹjà rí, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi ní ká kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú omi ọ̀hún.

Àtìgbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ilé-iṣẹ́ ti ń hù níbẹ̀ títí dé Agége: ti aṣọ, ti ọ̀dà, ti irin. Òfin ọdún 1991 ní kí wọ́n yọ oró inú omi ìdọ̀tí wọn kí wọ́n tó tú u jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń ṣe é ń mu dísẹ́ẹ̀lì, ta ló fẹ́ fi dísẹ́ẹ̀lì fọ ìdọ̀tí? Àwọn ọ̀gá kan a dúró de òjò. Bó bá ti ṣú, wọ́n á ṣí páìpù, omi á gba gọ́tà bọ́ sí Odò Ìyá Aláró, ó di inú ọ̀sà Èkó. Ọ̀gá ti da omi síwájú nìyẹn. Iwájú sì jìnnà sí ọ́fíìsì rẹ̀.

Wọ́n á ní ọ̀sà tóbi, yóò gbé e lọ. Gbé e lọ síbo? Ó pẹ́ tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Èkó ti ń rí òjé àti kádímíọ̀mù nínú ẹrọ̀fọ̀ ìsàlẹ̀ ọ̀sà. Òjé kì í jẹrà. Inú egungun ló ń sá sí. Ti mẹ́kúrì tún burú jù: bakitéríà inú ẹrọ̀fọ̀ á sọ ọ́ di irú èyí tí ara kì í tètè yọ dànù. Kòkòrò omi á jẹ ẹ́, ẹja wẹ́wẹ́ á jẹ kòkòrò, èyí tí ẹja wẹ́wẹ́ ọgọ́rùn-ún sì kó pamọ́, ẹja ńlá kan á gbé gbogbo rẹ̀ mì. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nínú ẹja ńlá, ẹlẹ́dẹ̀ ti wọlé tòun tìrù.

Ní Minamata, ní Jàpáánù, láti 1932 di 1968 ni ilé-iṣẹ́ Chisso fi da omi mẹ́kúrì síwájú. Àwọn ológbò tó ń jẹ ẹja ibẹ̀ ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ẹni mutí yó, wọ́n ń kú. Ní 1959, dókítà ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ fi omi ìdọ̀tí wọn po oúnjẹ ológbò. Wárápá gbé ológbò, àwọn ọ̀gá ní kí dókítà panu mọ́. Àwọn ìyá tí nǹkan kan ò ṣe ń bí ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ti bàjẹ́ látinú oyún.

Àwa náà mọ ìbínú o. Nígbà tí wọ́n kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá sí ìlú Kókó ní 1988, Nàìjíríà pe aṣojú rẹ̀ padà wálé láti Róòmù. Ìjọba dá FEPA, àjọ aláàbò àyíká, sílẹ̀. NESREA, àjọ irú rẹ̀ mìíràn, dé ní 2007. LASEPA, ti ìjọba Èkó, wà ní Aláùsá, ìrìn ẹsẹ̀ ni sí Orégun. Ó jọ pé ti òyìnbó nìkan ni májèlé. Tiwa, ìdàgbàsókè ni.

Lálẹ́ Ẹtì, ọ̀gá jókòó ní òpópónà Allen ní Ìkẹjà, ó pe ọbẹ̀ ata. Kì í jẹ ẹja wẹ́wẹ́, ti tálákà nìyẹn. "Màdáámù, orí ẹja ọ̀sà tó tóbi jù ni kẹ́ ẹ bù fún mi. Ẹ bá mi di òmíràn sílé, ìyàwó mi lóyún."