Ẹ̀gbọ́n Oní-Hilux, Ẹ Jẹ́ Ká Yẹ Aláìsàn Wò Ká Tó Ra Oògùn

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ. Mo kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ìkirè tí ẹ ń kó wá sí Bódìjà. Hilux yín nìkan ni n kò kí, nítorí aláìsàn ni, ìbẹ̀wò ló ń fẹ́. Ẹ má bínú pé gbangba ni mo ti kọ lẹ́tà yìí. Bí mo bá bá yín sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, ẹ ó ní kí n lọ jókòó, pé ìgbà wo ni wọ́n bí mi. Àti pé irú yín pọ̀ nílùú. Ẹni tọ́rọ̀ bá bá, kó yáa bá yín pín nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka ohun tí ẹ ti rà. Nígbà tí ọkọ̀ ń ṣagídí láàárọ̀, ẹ ní bátìrì ti kú, ẹ ra tuntun. Ó tún ṣagídí, ẹ ní kíìkì ni, ẹ lọ sí ọjà Gate, ẹ ra tòkunbọ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójú ọ̀nà, ẹ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ pààrọ̀ fílítà, ẹ pààrọ̀ pọ́ọ̀ǹpù epo. Ìyẹn ò tó yín, ẹ tún gbé ìròyìn dé pé ẹnì kan ní búkà sọ pé brain box (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì) ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀, àmàlà ló wà níwájú ẹ̀. Ìgbà wo ló ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò? Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ ra Hilux mìíràn tán ní wẹ́wẹ́, ó kù kí ẹ gba nọ́mbà fún un.

Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù oní-lítà 2.7 tó wà nínú ọkọ̀ yín kì í ṣe àǹjọ̀nú. Kí kíìkì yí i dáadáa, kó rí epo, kó rí afẹ́fẹ́, kí iná sì ta lásìkò: ohun tó sábà máa ń bèèrè nìyẹn. Bó bá ń kú, ọ̀kan nínú wọn ló sábà máa ń yẹ̀. Ká tó mọ èyí tó yẹ̀, ìbéèrè ló kàn, owó kọ́. Ṣé ìgbà tó tutù ló ń ṣe é ni àbí ìgbà tó gbóná? Ṣé orí eré ló ti ń kú ni àbí nígbà tó bá dúró sójú kan? Ṣé ó máa ń kọ́kọ́ gbọ̀n ni, àbí ó kàn máa ń kú pii?

Ìdáhùn ìbéèrè wọ̀nyí ló ń pín àìsàn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọkọ̀ tó ń sáré geere, tó wá ń kú bí ẹ bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí throttle nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road, ẹnu throttle tó dọ̀tí la ó kọ́kọ́ fura sí, tàbí rọ́bà tó là tí afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ yọ́ wọlé. Èyí tó ń fà sẹ́yìn, tó ń gbọ̀n lórí òkè nígbà tí ẹrù wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé epo ò dé ẹ́ńjìnnì tó. Èyí tó ń kú pii láìgbọ̀n, ká wá iná lọ. Èyí tó jẹ́ pé àárọ̀ nìkan ló ń dààmú, ká bi bátìrì àti wáyà rẹ̀, ká sì bi sẹ́ńsọ̀ tó ń wo bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Bí sẹ́ńsọ̀ yẹn bá ń parọ́ pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná nígbà tó tutù nini, epo tí brain box máa bù fún un kò ní tó láti jí i.

Nígbà tí mo bi yín, kí lẹ wí? “Ó kàn ń kú ni.” Mo yíjú sí ọmọ tó ń wa ọkọ̀ yín. Kó tó la ẹnu, ẹ ti dá a lóhùn: “Kí ni ìwọ mọ̀?” Ẹ̀gbọ́n, ohun tó mọ̀ kì í ṣe kékeré o! Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ gba ìpè lórí fóònù yín, ọmọ sì sọ̀rọ̀. Ó ní láàárọ̀, kíìkì máa ń fa ara rẹ̀ tìkọ̀tìkọ̀, iná dáṣíbọ́ọ̀dù á sì ṣú. Ó ní bí òun bá ń kó ẹrù bọ̀ lọ́sàn-án, tí ọkọ̀ ti gbóná dáadáa, ìgbà yẹn ló máa ń kú, pàápàá lọ́nà Aṣéjìrè, pii, kò sí ìkìlọ̀. Bí òun bá yí kíìkì nígbà náà, kíìkì á yí dáadáa, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ rpm tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí kì í mì rárá. Bí òun bá sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ títí tó fi tutù, á tún jí.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ yìí ti fi hàn wá pé àìsàn méjì ló ń bá ọkọ̀ náà jà, wọn ò sì jọ ara wọn. Ẹ̀yin ń wá olè kan ṣoṣo fún ilé méjì tí wọ́n jà lólè.

Ẹ jẹ́ ká mú ti àárọ̀. Bátìrì yín tuntun, ó ń dán, ṣùgbọ́n wáyà tó gun orí rẹ̀ ti hu ìyẹ̀fun funfun tó dà mọ́ àwọ̀ ewé. Ẹ sì kan ìṣó sí àárín rẹ̀ kó lè le! Ìṣó, ẹ̀gbọ́n! Ṣé pákó ni? Mo gbé mítà lé e, bátìrì fúnra rẹ̀ ní volt 12.6, ó kún dẹ́múdẹ́mú. Mo ní kí ọmọ yí kíìkì. Lórí bátìrì, mítà kò sọ̀kalẹ̀ ju 11 lọ. Lórí irin wáyà tó dè mọ́ ọn, 8 péré ni mo rí. Iná wà nínú bátìrì, ìpẹtà yẹn ni kò jẹ́ kó kọjá. Omi gbígbóná, búrọ́ọ̀ṣì onírin, irin ìdè tuntun, mo tún họ ojú wáyà earth tó so mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, ó parí. Bátìrì àná tí ẹ gbé fún oníkọ́ńdẹ́mù kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ó ku ti ọ̀sán. Ẹ ní wọ́n bu omi lu epo tí ẹ rà. Mo bu díẹ̀ nínú tẹ́ńkì yín sínú ìgò funfun, mo gbé e sílẹ̀ kó tòrò. Bí omi bá wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ló máa wà, torí epo fúyẹ́ jù ú lọ. Kò sí ẹ̀kán omi kan níbẹ̀. Ẹ yé gbé onílé epo ṣépè.

Abẹ́rẹ́ rpm tí kò mì yẹn lẹlẹ́rìí wa. Sẹ́ńsọ̀ kékeré kan wà tó ń ka bí crankshaft, ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, ṣe ń yí, òun ló ń sọ fún brain box ìgbà tí iná máa ta àti ìgbà tí epo máa tú. Bó bá dákẹ́, brain box á gbà pé ẹ́ńjìnnì dúró, á pa méjèèjì. Wáyà tín-ín-rín inú irú sẹ́ńsọ̀ bẹ́ẹ̀ tó bá ti gbó lè ṣíra nínú ooru, kó tún padà kanra nígbà tó bá tutù. Mo so scanner mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, P0335 ló gbé jáde, kóòdù sẹ́ńsọ̀ yẹn gan-an. Ẹ ti gbé pọ́ọ̀sì, ẹ fẹ́ sáré lọ sí Gate. Mo ní ẹ dúró. Kóòdù kì í ṣe ìwé ọjà. Ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀, ó lè jẹ́ wáyà tí eku ti jẹ, ó lè jẹ́ ojú ìsopọ̀ tí ọ́ìlì ti rin. Mo wọn wáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó pé. Mo wọn sẹ́ńsọ̀ nígbà tó tutù, mítà dáhùn. Nígbà tó gbóná, mítà ò rí nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni mo ní kí ẹ máa lọ rà á.

Pọ́ọ̀ǹpù tuntun yín ńkọ́? Inú tẹ́ńkì ló wà, epo tó yí i ká ló ń tù ú lára. Bí ẹ bá ń jẹ́ kí iná epo máa tàn kí ẹ tó ra, ẹ ó pa òun náà, ẹ ó sì wá ní ayé ló ń ṣe yín.

Tí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: tutù àbí gbóná, eré àbí dídúró, pii àbí gbígbọ̀n. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ fi ń kọ gbèsè ọ̀gẹ̀dẹ̀, torí mi ò tíì rí ọjọ́ tí ẹ gbàgbé èyí tó wà níbẹ̀.

Ní ti owó iṣẹ́ mi, ẹ ní kí n dín in. Mo ti dín in. Ẹ fi èyí tí mo dín kún owó oṣù ọmọ tó ń wa ọkọ̀ yín, iṣẹ́ tó ṣe ju tèmi lọ.

Èmi ni àbúrò yín,
Mẹkáníìkì tí ẹ kì í fẹ́ gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu.