Àlejò Olójú Mẹ́ta

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fẹ́ gba àlejò sílẹ̀ ni. Àlejò jókòó síbi tí a kì í jókòó, ó kí ìyálé ilé bí ẹni ń kí ọmọ ọ̀dọ̀. Onílé á rẹ́rìn-ín, á ní ẹ má bínú sí i, kò mọ̀ ni. Òwe àforíjì ni. Àwọn àgbà tó pa á kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí àlejò á kó ojú kẹta sápò wá láti ilé rẹ̀, tí yóò dáwó, tí yóò yan akápò, tí yóò sì fi aago sí ohun gbogbo, kí ó má baà ríran.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó lọ sí èbúté Abomey-Calavi ní ilẹ̀ Benin láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Calavi àti Kútọnu ti wọnú ara wọn débi pé àlejò kì í mọ ibi tí ọ̀kan ti parí. Èbúté yìí ni a ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ganvié, ibẹ̀ náà sì ni bọ́ọ̀sì Èkó máa ń já àwọn àlejò wọ̀nyí sí: ọkùnrin, obìnrin, gbogbo wọn nínú ankò kan náà, tí wọ́n ń béèrè ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára fún fọ́tò.

Gúrúùpù WhatsApp ni wọ́n ti ṣètò. Ọ̀rọ̀ aṣọ ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìpàdé wọn, oúnjẹ ló tẹ̀ lé e, ọ̀nà ni wọ́n fi ṣe àṣekágbá. Ètò ọ̀hún kì í yàtọ̀. Ní Jimọ̀, kúrò ní Èkó ní aago márùn-ún ìdájí, dé Kútọnu ní aago mẹ́sàn-án. Ère Amazon, ọjà Dantokpa, etíkun Fidjrossè. Ní Sátidé, Ganvié, Ouidah, àti Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Ní Àìkú, ààfin àwọn ọba ní Abomey, lẹ́yìn náà ilé. Ẹni tó kọ aago mẹ́sàn-án yìí kò tíì gba ọ̀nà Àgbádárìgì rí, ọ̀nà tí ìjọba Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ láti 2009, kò sì tíì ka iye ibi tí aláṣọ ìjọba ti ń na ọwọ́ dá ọkọ̀ dúró kó tó di ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Abomey ńkọ́? Ó ju 130 kìlómítà lọ sí Kútọnu, apá àríwá ló wà, Èkó wà ní ìlà oòrùn. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún wọn ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láì gba físà. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n mú nínú rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àádọ́rùn-ún.

Nǹkan bí ìdajì wákàtí ni ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ń rìn lórí adágún Nokoué kó tó dé Ganvié, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń gbé nínú ilé tí òpó gbé ró láàárín omi. Àwọn Tofinu ló tẹ̀ ẹ́ dó, nígbà tí ogun ń kó èèyàn lọ tà fún Òyìnbó létíkun. Ìtàn wọn sọ pé èèwọ̀ ni fún jagunjagun Dàhòmì láti jà lójú omi, ni wọ́n bá bọ́ sórí omi. Àwọn tí kò fẹ́ kí ojú àjèjì tó wọn ló kọ́ ìlú yìí o. Ẹ wá wo ẹni tó ń wọ̀ ọ́ lónìí: fóònù ló kọ́kọ́ yọ, orí tẹ̀ lé e. Ìyá tó ń ta oúnjẹ nínú ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ á ti dẹ àkẹtẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bojú kí fóònù ọ̀hún tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àlejò á ní ojú ló ń tì í. Ojú kò tì í, inú ló ń bí i. Wọ́n á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ acadja, àwọn ẹ̀ka igi tí apẹja rì mọ́ inú omi kí ẹja lè wá fi ṣe ilé, kó máa jẹ, kó máa pọ̀ sí i níbẹ̀ títí di ọjọ́ ìkórè. Ẹni tó jẹ́ olórí ìrìn àjò á ṣàlàyé fún wọn pé ilé tó wó ni.

Nítorí pé Jimọ̀ ti bá ẹnubodè lọ, Amazon á bọ́ sí ọ̀sán Sátidé. Ère náà ga tó mítà 30. Oníṣọ̀nà ará Ṣáínà, Li Xiangqun, ló ṣe é, Ààrẹ Patrice Talon sì ṣí i ní oṣù Keje 2022. Ó dúró fún Agojie, ẹgbẹ́ ogun obìnrin ilẹ̀ Dàhòmì. Fíìmù The Woman King jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, láti ìgbà náà ni kò sì ti sí ẹgbẹ́ Èkó tó lè kọjá níbẹ̀ láì dira ogun níwájú kámẹ́rà.

Ẹ̀gbá kì í wọ́n nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹta 1851, ọba Gezo kó ogun Dàhòmì wá sí ẹ̀yìn odi Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin wọ̀nyí sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbá lé wọn padà. Ní 1864, Glele ọmọ Gezo tún wá, wọ́n tún lé e. Kétu ni kò rí ọ̀nà gbà: ogun Dàhòmì fọ́ ọ ní 1886. Ká ní ogun 1851 lọ bí Gezo ṣe fẹ́ ni, ta ni ìbá bí arábìnrin tó rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ère yìí, tó ń ní kí wọ́n tún un yà nítorí pé ojú òun dì? Fíìmù tó gbé e débẹ̀ náà, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London, John Boyega, ló ṣe Gezo nínú rẹ̀. Ọ̀yọ́ ni wọ́n fi ṣe ọ̀tá.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni gbé ìjà àwọn baba wa wá bá ère. Àwọn obìnrin náà gbóyà, ó sì tọ́ kí ọmọ wọn rántí wọn. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó sá ni ẹgbẹ́ wà. Lọ́sàn-án, ọ̀dọ̀ ẹni tó lé e. Kò sì sí ẹni tó béèrè bóyá àwọn méjèèjì mọra.

Ouidah, ilẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú. Wọ́n á sáré ya fọ́tò ní Ẹnu-Ọ̀nà Àrèmabọ̀ tí wọ́n kọ́ sí etíkun ní 1995, wọn ò ní rántí pé Àgbádárìgì tí wọ́n gbà kọjá lánàá ní irú rẹ̀. Ẹni tí kì í jẹ́ kí babaláwo kọjá níwájú ilé bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú á sanwó kí wọ́n gbé òjòlá ilé òrìṣà kọ́ òun lọ́rùn. Nípa Àjàṣẹ́, inú ọkọ̀ ni wọ́n ti rí i, lóru.

Kì í ṣe orí ìrìn àjò nìkan ni ìkánjú yìí ti wọ̀ wá lára. Ní oṣù Kejìlá 2023, akọ̀ròyìn Daily Nigerian kan kọ ọ́ síta bí òun ṣe gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Oṣù Kínní 2024 kò tíì tó ọjọ́ mẹ́ta nígbà tí ìjọba Nàìjíríà kéde pé òun dá gbígba ìwé ẹ̀rí Benin àti Togo dúró ná. Gbogbo wa la pariwo, a ní ìtìjú gbáà ni. Ó ṣẹlẹ̀ pé ní Calavi yìí kan náà ni yunifásítì ìjọba wà láti 1970, tí àwọn ọmọ ń fi ọdún gbọọrọ jókòó kàwé níbẹ̀, tí bọ́ọ̀sì ankò sì ń kọjá níwájú wọn lọ gboyè nínú ìtàn Dàhòmì láàárín ọ̀sán kan.

Makoko ni kò yé mi rárá. Ilé orí omi ni, ní àárín Èkó, Ègùn tó ti Àgbádárìgì àti Benin wá ló pọ̀ níbẹ̀, ẹja ni iṣẹ́ wọn, bíi ti Ganvié. Láti orí afárá Third Mainland, kò sí ẹni tí kò lè rí i. Fèrèsé ọkọ̀ ni àwọn tó ń kọjá máa ń gbé sókè, nítorí èéfín. Nígbà tí ìjọba Èkó wó apá kan ibẹ̀ ní oṣù Keje 2012, àwọn kan sọ pé ó tó bẹ́ẹ̀, ó ń ba ojú ìlú jẹ́. Àwọn kan náà ló ń san sẹ́fà ní Calavi kí wọ́n lè rí ọmọ ìyá rẹ̀, tí wọ́n ń ní, "Ẹ wo bó ṣe lẹ́wà!"

Mo gba akápò irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kan níyànjú. Mo ní kí wọ́n mú ibì kan ṣoṣo, kí wọ́n sùn ní Calavi, kí wọ́n wọ ọkọ̀ kí oòrùn tó mú, kí fóònù wà nínú àpò títí wọ́n á fi ra oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá ọlọ́kọ̀ tí wọ́n á sì jẹ ẹ́ tán, kí wọ́n wá bi í pé níbo ló ti ń pọn omi mímu nínú gbogbo omi yìí. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo la dé, báwo ni mo ṣe fẹ́ jíhìn owó tí wọ́n dá?"

Wọ́n ti ń dá ti Accra báyìí. Jimọ̀ sí Àìkú ni. Cape Coast àti Kumasi wà nínú rẹ̀.