Ẹ Sún Mọ́bí, Kí N Sọ ti Ajá Àǹtí

Ẹ rọra o, Ìyá Alákàrà wà nínú ilé. Àǹtí, ọmọ rẹ̀ tó ń kọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tójú rẹ̀ fọ́ láti kékeré, ti dé sí Ajangbádì. Ọ̀pá funfun ló mú wá. Ajá tó máa ń mú un rìn kò bá a wá. Ó kúkú dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ sáà mọ Bàbá Òǹdó yàrá ẹ̀yìn àti ẹran tó fẹ́ràn. Láti ìgbà tó ti gbọ́ pé ajá náà sanra ló ti ń béèrè ọjọ́ tó máa balẹ̀. Bàbá yìí náà ló jẹ mí lówó epo... ẹ jẹ́ n fìyẹn sílẹ̀ ná.

Ẹ rò pé ajá ló mọ̀nà? Irọ́ ni! Àǹtí ló ń ní kó yà sọ́tùn-ún, kó yà sósì. Ti ajá ni kí wọ́n má kọ lu òpó, kí wọ́n má jìn sí kòtò. Bí Àǹtí bá ní kí wọ́n sọdá, tí ọkọ̀ sì ń bọ̀, ajá á takú, kò ní gbẹ́sẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ wo ló gbọ́n tó yẹn?

Jámánì ló kọ́kọ́ dá ilé ẹ̀kọ́ irú ajá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1916, fún àwọn sójà tí ogun fọ́ lójú. Lọ́dún 1928, Morris Frank, ọmọ Amẹ́ríkà, bá Buddy ajá rẹ̀ sọdá títì New York níṣojú àwọn akọ̀ròyìn. Kí Buddy wá sọdá Ìyànà Ìbà! Ọ̀kadà ń fò bọ̀ ní wan-wéè, gọ́tà yanu sílẹ̀. Á takú títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́hùn-ún, òfin ọdún 2010 ní kí awakọ̀ takisí gbé irú ajá bẹ́ẹ̀, kó má sì gba kọ́bọ̀ lé e. Awakọ̀ kan ní òun ò gbé e. Ó ń fi Yorùbá sọ lórí fóònù pé, "Ẹlẹ́ran kan ló tún dé yìí o." Àǹtí ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà." Wéré, ilẹ̀kùn ṣí!

Mo ní kí ló dé tí Àǹtí kò gba ọmọ kan kó máa mú un rìn. Ó ní nígbà tóun wà lọ́mọdé, èyí tó ń mú òun lọ sí Alábà kì í tíì bọ́ bàtà tí á ti máa ka iye tóun ná fún ará ilé. Ó ní, "Ajá kì í ròyìn." Ó wá kọjú sí mi gan-an! Kí ló ń wí mọ́ mi? Ẹ jókòó, ẹ má tíì lọ, mi ò tíì sọ iye tó gbà ní báńkì lánàá.