Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Láàárọ̀ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé Ayétòrò fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo gbé fóònù sétí: hùn-ùn-ùn, hùn-ùn-ùn, gbàm! Ó tó ìṣẹ́jú méjì, kò sì sí ọ̀rọ̀ ẹnu kankan níbẹ̀ àfi ìgbà tí ẹnì kan mí kanlẹ̀ pé, "Olúwa ò." Àyà mi já. Mo rò pé àìsàn ti wọlé. Àṣé ìdí mọ́tò ni.

Peugeot 504 ni, sitéṣọ̀n wágọ̀n, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975. Bákì ásù rẹ̀, irin ìdí tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ló ń ké. Ká ní ẹ̀gbọ́n gbé e lọ bá mẹkáníìkì lọ́jọ́ náà ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán, èmi náà ì bá má sì rí nǹkan kọ. Ṣùgbọ́n ohùn yẹn kan náà ló fi ránṣẹ́ sí agbo mọ̀lẹ́bí, sí agbo àwọn tí wọ́n jọ jáde ìwé mẹ́wàá, àti sí agbo àwọn tó ń gbàdúrà òru.

Èsì ya bí omi. Ìbátan wa kan tó ń wa bọ́ọ̀sì ní Peckham ní kí wọ́n yẹ kọ̀ǹpútà mọ́tò náà wò. Kọ̀ǹpútà, nínú 504! Ẹlòmíràn lọ bi íntánẹ́ẹ̀tì, íntánẹ́ẹ̀tì to ohun méjìlá sílẹ̀, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mú èyí tó bá wù ú. Ìyá àgbà kan nínú agbo àdúrà ló wá là á mọ́lẹ̀: "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ o."

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: ọ̀rọ̀ a máa jìn ju bí ojú ṣe rí i lọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú mi: òwe yìí ti bà wá jẹ́. A ti lò ó débi pé kò sẹ́ni tó gbà mọ́ pé èje lásán lè jókòó jẹ́jẹ́ sẹ́yìn ẹ̀fà. Ẹni tí kò sùn fún òru mẹ́ta, tí orí ń fọ́, ó ní ayé ló ń ṣe òun. Ẹni tí kò ṣíwèé tó fi feèlì, àbúrò ìyá rẹ̀ ló dì í lọ́wọ́. Bákì ásù ké, ẹyẹ ọ̀tá ló bà lé e.

Ni wọ́n bá gbé òróró dé. Wọ́n ta á sórí bọ́ńpà, wọ́n ta á sójú iná, wọ́n fi kan táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibi kan ṣoṣo tí òróró kò dé ni inú ásù, níbi tí epo jíà ti gbẹ. Ẹ̀gbọ́n tún ra bọ́fà ńlá kan, ó gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, kí orin Àyìnlá Ọmọwúrà lè bo ariwo náà mọ́lẹ̀.

Oṣù kan kọjá kí n tó wọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Ìlaròó. A gba Ìgbógìlà, a gba Ìbèṣè, mọ́tò ń sunkún, ẹ̀gbọ́n ń ṣe àmín. Ọ̀gá náà kò ṣí fóònù. Ìbéèrè ló fi bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, ṣé bí ẹ bá tẹ iná ló ń ké, tó ń dákẹ́ bí ẹ bá gbẹ́sẹ̀? Kíráónì àti píníọ̀nù nìyẹn, àwọn jíà eléyín inú ásù. Àbí bí ẹ bá ṣẹ́ kọ́nà ni ohùn rẹ̀ ń yí padà? Ẹ jẹ́ ká wo bẹ́ríìn ẹsẹ̀. Gbàm tó ń dún tí ẹ bá fi jíà sí i ńkọ́? Eyín ti jẹ nìyẹn, àlàfo ti wọ̀ ọ́."

Ó fọwọ́ pa táyà wò ná, torí táyà tó jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lè máa kùn bíi bẹ́ríìn. Ó fi òkúta há ẹsẹ̀ iwájú, ó fi jáàkì gbé ìdí rẹ̀ sókè, ó ń fọwọ́ yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó dẹtí sí i bí ẹni ń gbọ́ àṣírí. Lẹ́yìn náà ló tú nọ́ọ̀tì ibi tí wọ́n ń gbà rọ epo, ó ti ìka bọ̀ ọ́. Ó yẹ kí epo kan ẹnu ihò yẹn. Ìka jáde gbígbẹ. Ó tì í wọnú sí i, dúdú kan bá a jáde, ó ń dán wínníwínní. Irin tí eyín ti lọ̀ kúnná ni.

"Kí lẹ máa ń gbé sẹ́yìn, bàbá?"

Ẹ̀gbọ́n wò mí, èmi wolẹ̀. Ọmọ Yewa létí bodè ni gbogbo wa, a ò nílò ògbufọ̀. Ìjọba fòfin de kíkó ìrẹsì gba bodè orí ilẹ̀ wọlé ní 2016, wọ́n ti bodè pa ní oṣù kẹjọ 2019, ó di oṣù kẹrin 2022 kí ti Ìdírókò tó ṣí padà, ìrẹsì ò sì yéé rìn. Fàyàwọ́ la ń pè é, àmọ́ èmi ò rí àyà ẹni tó wọ́lẹ̀ rí. Ásù ló ń wọ́lẹ̀.

Ìjókòó ẹ̀yìn ti yọ kúrò tipẹ́. Èrò méjì ló máa ń jókòó níwájú, mẹ́rin a fún mọ́ra láàárín. Mo ṣí aṣọ tí wọ́n fi bo ẹrù ẹ̀yìn wọn, mo kà á: àpò mẹ́jọ, kílò 50 lọ́kọ̀ọ̀kan, bọ́fà jókòó lé wọn lórí bí ọba. Lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ lóòótọ́. Ìyá àgbà yẹn mọ ohun tó ń sọ.

Wọ́n pààrọ̀ bẹ́ríìn, wọ́n wá kíráónì àlòkù tó ṣì ní eyín lẹ́nu, wọ́n rọ epo jíà títí ó fi kan ẹnu ihò. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ohùn mìíràn dé sórí fóònù mi, ìṣẹ́jú méjì gbáko. Mo gbé e sétí, n ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀: "Àbúrò, ó ti dákẹ́ o. Ìdákẹ́ yìí ò yé mi. Bá mi wádìí."