Mo Gbé Ilẹ̀ Bàbá Wọ Inú Òkun

Kò sí yẹ̀pẹ̀ pupa láàárín òkun. Ọmọdé Ìkẹ́nnẹ́ mọ èyí. Síbẹ̀, ìwé tí mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ ránṣẹ́ sọ pé ilẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí a ń pè ní Bàbá, ti fẹ́ máa wa yẹ̀pẹ̀ wà lójú omi, ní gúúsù Bonny, níbi tí ọkọ̀ epo ń gbà kọjá.

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo ní, lọ́nà Ìlíṣàn. Mo ń bá àwọn ọmọ tẹ fọ́ọ̀mù JAMB, mo sì ń ṣe ìwé ètò ìsìnkú tí fọ́tò olóògbé kì í sábà wọ́ jù nínú rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí Bàbá gbà pé mo lè bójú tó ìwé ìwakùsà. Ó ní, "Ṣebí kọ̀ǹpútà náà ni? Ìwọ lo mọ̀ ọ́n." Oríyìn náà dùn mọ́ mi, n ò já a nírọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ bí Bàbá nínú ni pé òun gbọ́dọ̀ gbàṣẹ rárá. "Ilẹ̀ tí baba mi fi sílẹ̀ fún mi ni n ó lọ máa tọrọ lọ́wọ́ ará Àbújá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 44, ti ní ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀. Òfin ìwakùsà ti 2007 sì ka yẹ̀pẹ̀ pupa, amọ̀ àti iyanrìn mọ́ ohun tí a ń gbàwé lé lórí kí a tó wà á. Bàbá ronú díẹ̀. "Obì tó wà lórí rẹ̀ ńkọ́, ti ta ni?" Mo ní tiyín ni, sà. Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Láti 2022 ni Mining Cadastre Office, ọ́fíìsì tó ń fúnni níwèé ilẹ̀ ìwakùsà, ti gbé ìbéèrè wọn bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èèyàn lè jókòó sí Ìkẹ́nnẹ́ báyìí kó ṣe àṣìṣe tí wọn yóò rí ní Àbújá.

Awọnlẹ̀ tó wọn ilẹ̀ náà fún wa ní fílásì kan. Fáìlì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́, ìparí orúkọ nìkan ló yàtọ̀: .shp, .shx, .dbf, .prj. Mo ní ọkùnrin yìí mà fẹ́ràn àdàkọ o. Fíìmù kan sì wà tí mo fẹ́ kó sínú fílásì náà. Mo pa mẹ́ta rẹ́, mo dá .shp sí nítorí ó jọ shop lójú mi. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó gbọ́ pé ọ̀kan ń tọ́jú ààlà ilẹ̀, ọ̀kan jẹ́ atọ́ka rẹ̀, ọ̀kan ń tọ́jú àlàyé bí orúkọ àti ìwọ̀n, .prj ló sì ń sọ irú òǹkà tí wọ́n fi wọn ilẹ̀ náà. Àpapọ̀ wọn kò tó ojú ewé kan nínú ìwé ìsìnkú. Fíìmù ọ̀hún kò tilẹ̀ dára.

Ojú òpó náà kò gba .shp tó dá wà. Ojú ń tì mí láti padà lọ bá awọnlẹ̀, mo bá mú fóònù, mo rìn yí ilẹ̀ ká, mo ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Ìkẹ́nnẹ́ wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 6.9 ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé, àti 3.7 ní ìlà-oòrùn. Mo fi 3.7 sáyè 6.9, mo fi 6.9 sáyè 3.7. Bí Bàbá ṣe di onílẹ̀ nínú òkun nìyẹn.

Wọ́n dá a padà. Mo wá tú púláànù ilẹ̀ jáde, mo rí nọ́ńbà gígùn-gígùn níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù bi mí pé zone wo ni, 31 àbí 32? Mo mú 32, nítorí ó ju 31 lọ. Ilẹ̀ Rẹ́mọ, níbi tí Ìkẹ́nnẹ́ wà, wà ní 31. 32 jẹ́ ti apá ibi tí Ẹnúgu àti Jọs wà. Lójú máàpù, ilẹ̀ Bàbá fò lọ sí Taraba, ó kù díẹ̀ kó wọ Kamẹrúùnù.

Mo yí i sí 31, ó padà sí Ìkẹ́nnẹ́, mo fò sókè. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí àwọn awọnlẹ̀ Nàìjíríà gbé ka orí òpó kan ní ìlú Minna ni púláànù wa tẹ̀lé. Èmi kọ WGS84, èyí tí fóònù ń lò. Nọ́ńbà kan náà lè fi nǹkan bí 100 mítà yàtọ̀ láàárín méjèèjì. Orí ilé pásítọ̀ wa ni 100 mítà náà bọ́ sí. Mo fi han Bàbá. Ó wò ó títí, ó ní, "Ó kúkú ti ń súnmọ́lé."

Ti máàpù ṣì ṣeé fi rẹ́rìn-ín. Ti àyẹ̀wò àyíká tí òfin ní kí a ṣe kí a tó wa ilẹ̀ ló dójú tì mí. Lẹ́yìn tí wọ́n da ẹ̀gbin olóró láti Ítálì sí ìlú Koko ní 1988 ni ìjọba tó ta jí, tí òfin àyẹ̀wò àyíká sì jáde ní 1992. Wọ́n máa ń pàtẹ ìròyìn àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ 21, kí ará ìlú lè kà á, kí wọ́n sì sọ tẹnu wọn. Èmi rò pé kò sẹ́ni tó ń kà á.

Àwọn onímọ̀ tó ń bá wa ṣe é ní kí n kọ nǹkan díẹ̀ nípa ìlú wa wá. Dípò kí n wo ìta lójú fèrèsé, mo wá ìròyìn kan tí wọ́n kọ nípa apá Sókótó, mo pa Sókótó rẹ́, mo fi Ìkẹ́nnẹ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kà á ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ pé ọkà bàbà àti jéró ni àwa ń gbìn, àti pé ariwo ẹ̀rọ lè da ràkúnmí wa láàmú. Ìlú tí ilé-ìwádìí ọ̀gbìn IITA ti ń gbin àgbàdo wò rèé, nílẹ̀ Rẹ́mọ tí àwọn Hausa ti ń wá ra obì tipẹ́!

Ẹni tó kà á ni tíṣà àtijọ́ kan, ọmọ ilé-ìwé Mayflower tí Tai Solarin dá sílẹ̀ níbí ní 1956. Wọn ò kọ́ wọn níbẹ̀ láti dákẹ́. Ó bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. "Àbúrò, níbo lẹ ń so àwọn ràkúnmí yìí mọ́ lálẹ́?" Mo ní a ń tún un ṣe, sà. "Odò Uren ńkọ́? N ò rí i níbẹ̀."

Èyí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́. Bí òjò bá rọ̀ sínú ihò yẹ̀pẹ̀, ibo ni omi pupa náà yóò ṣàn gbà? Ta ni yóò dí ihò náà nígbà tí típà bá ti lọ? Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni òfin náà wà fún, èmi tí mo mọ̀ nípa ràkúnmí kò sì ní èsì kankan.

Awọnlẹ̀ àti àwọn onímọ̀ ló padà ṣe gbogbo rẹ̀, tíṣà sì bá wọn rìn dé etí odò. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ wà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó wọn ilẹ̀ fi ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ̀yin aládùúgbò wọn, ẹ máa yà sí sẹkitéríàtì, kí ẹ ka ohun tí wọ́n pàtẹ síbẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ 21 péré ló ń lò.